Ọmọ Mẹ́rìndínlógún, Ọmú Méjìlá

Òórùn èèrí ọkà tó ti kan ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Amúkókò. Lẹ́yìnkùlé, abo ẹlẹ́dẹ̀ ìyá mi ti bí mẹ́rìndínlógún lánàá, ọmú méjìlá péré ló sì ní. Àwọn ọmọ tí kò rí ọmú dì mú ń ké, ohùn wọn ti ń lọ sílẹ̀. Nínú ìbí tó ṣáájú, mẹ́ta péré ló yè.

Màmá Éfè, ará Úròbò tí yàrá wọn dojú kọ tiwa, ní abo ẹlẹ́dẹ̀ kan tó bí mẹ́fà lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n gbà kí tiwọn bá wa tọ́ mẹ́rin.

Àwọn tó kéré jù ni mo sáré kó sínú apẹ̀rẹ̀. Ìyá mi dá wọn padà.

"Àwọn tó lágbára ni ká gbé, Ṣadé. Àwọn wọ̀nyí ò lè bá àjèjì du ọmú."

Ìyá mi fi èérún pákó tí ẹlẹ́dẹ̀ Màmá Éfè sùn lé pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára, kí òórùn wọn lè bára mu, wọ́n sì wọlé tọ̀ ọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ náà gbóòórùn wọn. Ó dìde, ó ya ẹnu sí ọ̀kan. Ìyá mi ti apá bọ àárín, ẹlẹ́dẹ̀ náà sì gé wọn jẹ lọ́rùn ọwọ́.

"Mama Ṣadé, kọmọ́t! À sé kọmọ́t!" Màmá Éfè kígbe pé kí wọ́n jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo," ìyá mi sọ jẹ́jẹ́. "Tí jìnnìjìnnì bá mú un, á pa gbogbo wọn, àti tiyín."

Ẹ̀jẹ̀ ń kán. Ọwọ́ kejì wọn ń họ ikùn ẹlẹ́dẹ̀ náà, ó ń họ ọ́ ṣáá. Èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án dúró ti apẹ̀rẹ̀, mo tọ̀ sára. Nígbà tó yá, ẹlẹ́dẹ̀ náà mí kanlẹ̀, ó dùbúlẹ̀. Ọ̀kan dì mọ́ ọmú. Òmíràn tẹ̀ lé e.

Mẹ́rìnlá la já lẹ́nu ọmú. Méjì kú nínú àwọn kéékèèké tí mò ń ṣàánú.

Lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń fi omi iyọ̀ fọ ojú ọgbẹ́, ìyá mi rẹ́rìn-ín: "Ẹni máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Ṣùgbọ́n abọ́ ń gbọ̀n lọ́wọ́ wọn.

Mo rò nígbà yẹn pé omi ló tutù. Mo ti dàgbà ju bí wọ́n ṣe wà lọ́jọ́ náà lọ báyìí, mo sì mọ̀ pé ẹ̀rù bà wọ́n. Ohun tí mi ò tíì mọ̀ ni bóyá èmi náà ì bá ti ọwọ́ tèmi bọ ibẹ̀.