Ọmọ Tí Mo Fi Ojú Tú Láṣìírí

Kí n tó fẹ̀yìntì, èmi ni olùkọ́ tí àwọn ọmọ ń bá sọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ nílé ẹ̀kọ́ ọkùnrin kan ní Ìbà. Mo máa ń ti ilẹ̀kùn yàrá mi, mo sì máa ń sọ fún ọmọ tó bá wọlé pé ohun tó bá sọ kò ní jáde.

Ọmọ SS2 kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó jókòó, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́: ó ṣì ń tọ̀ sílé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló ń gbé, ìyàwó ilé a sì máa ní kó sá ẹní rẹ̀ síta lójú gbogbo ayálégbé. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá dókítà, kí àwọn ọmọ kíláàsì òun má ṣe gbọ́.

Mo wá dókítà. Ṣùgbọ́n onígbàgbọ́ ni mí, mo tún sọ ọ̀ràn náà fún olùkọ́ tó ń darí àdúrà òwúrọ̀ wa. Mi ò dárúkọ ọmọ. Mo rò pé ìyẹn tó. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí lónìí, ẹ jọ̀wọ́, kò tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, olùkọ́ náà kéde ní àsẹ́ńbìlì pé ẹ̀mí àtọ̀ọ̀lé ń da ọmọ SS2 kan láàmú, kó jáde wá gba àdúrà. Kò sẹ́ni tó jáde. Ó ní a ò ní wọ kíláàsì títí yóò fi jáde. Oòrùn ń mú. Mo fi ojú wá ọmọ náà, kí n lè mọ bó ṣe ń ṣe sí. Àwọn tó wà níwájú ti ń ṣọ́ mi. Wọ́n tẹ̀ lé ojú mi, wọ́n yíjú sí i.

Wọ́n tì í jáde. Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń ṣe àmín lé e lórí, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti fẹ́ jókòó ní kíláàsì, wọn a gbé báàgì wọn kúrò nílẹ̀.

"Ẹ sún o, òjò ń bọ̀."

Mo pè é, mo ní àdúrà kì í pa ènìyàn lára. Kò jókòó.

"Sà, ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún."

Kò padà wá ní táàmù tó tẹ̀ lé e. Ó lé lọ́dún kan kí n tó rí i ní Ọjà Àlàbá, níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀gá rẹ̀ rí bí a ṣe ń wo ara wa, ó bi í bóyá ó mọ̀ mí.

"Rárá, ọ̀gá. Kọ́sítọ́mà ni." Ó kọjú sí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Bàbá, kí lẹ fẹ́ rà?"

Mo ní rimóòtù ni mo ń wá.