Bí Mo Ṣe Yan Èdè Kọ̀ǹpútà fún Ẹgbẹ́ Oníṣu

Mo rántí ìgbà tí ẹgbẹ́ àwa oníṣu ní Ìlogbò fi mí ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò yan èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa fi ṣe ìkànnì ayélujára fún wa. Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé orí àga yẹn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún wọn pé nígbà tí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ wọ Èkìtì, èmi ni mo rù ú gun òkè Ẹ̀fọ̀n, tó sì ń kí mi kú iṣẹ́ lójú ọ̀nà. Wọ́n gbà mí gbọ́, tàbí kí n sọ pé ó rẹ̀ wọ́n láti bá mi jiyàn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Iṣu pọ̀ lóko, àwọn alájàpá kò sì wá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí oníbàárà ọ̀nà jíjìn kò bá rí wa lórí fóònù, abà ni iṣu máa jẹrà sí. Àwọn méjì ló fẹ́ ṣiṣẹ́ náà. Ọmọbìnrin àbúrò mi tó ń gbé Arámọkọ ní PHP ni òun yóò lò. Ọkùnrin kan láti Adó, oníbàtà funfun, ní Elixir ni tòun. Bí a ṣe ń wádìí ilé kí a tó fi ọmọ fọ́kọ ni mo ṣe wádìí èdè méjèèjì: ọjọ́ orí wọn, ẹni tó bí wọn, bóyá wọ́n máa ń ṣàìsàn. PHP ti dàgbà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ̀ ọ́n, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kó wù mí. Elixir ń sáré, orúkọ rẹ̀ sì dún bí oògùn ikọ́ àwọn olówó.

Ìyá àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ bi mí pé, "Bàbá, bí eléré ìje yìí bá ṣubú, ta ló wà nítòsí tó máa gbé e dìde?"

Mo ní, "Ìyá, ohun tó ń sáré kì í ráyè ṣubú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ki kọ̀ǹpútà rẹ̀ bọ àpò, ó gun ọ̀kadà lọ.

Ìkànnì tí ọkùnrin Adó fi Elixir ṣe sáré lóòótọ́, fún oṣù díẹ̀. Ìgbà tí iṣu tuntun dé ló dákú. Ọkùnrin Adó ti lọ sí òkè òkun. A wá ẹni tó gbọ́ Elixir láti Ìjerò dé Òkè-Ìmẹ̀sí, a kò rí, iṣu sì ti ń rà lábà. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. N kò lè dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí mo gbé jó, nítorí náà mo gún iyán fúnra mi, mo gbé e lọ sí Arámọkọ.

Ó tọ́ ọ wò. "Bàbá, kókó pọ̀ nínú ẹ̀."

"Ọwọ́ mi ló gún un."

"Mo mọ̀." Ó jẹ ẹ́ tán kó tó ṣí kọ̀ǹpútà.

PHP ló fi tún ìkànnì náà ṣe. Nígbà tó tún ní àléébù lẹ́yìn náà, tíṣà kan ní Ìjerò ló bá wa tún un ṣe kí ọjọ́ tó rọ̀.

Lónìí, bí àlejò bá bi mí, mo máa ń sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti yan PHP, pé ojú àlá ni wọ́n ti fi hàn mí. Ọmọ àbúrò mi ti jókòó tì mí rí nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ó wò mí, kò tú àṣírí mi. Nínú gbogbo irọ́ tí mo ti pa láyé, ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ń bá mi rù.