Kẹ́tùlù Bàbá Ràímì

Ẹ jẹ́ ká yin ìka ìtọ́ka lógo. Nínú gbogbo ẹ̀yà ara tí Ọlọ́run dá, òun nìkan ló lè gba ọpẹ́ iṣẹ́ tí kò ṣe. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga tuntun ní Niamey, ọ̀gá tí kò di ọkọ́ mú rí á dúró létí rẹ̀, á na ìka sí i, wọ́n á ya fọ́tò. Bí wọ́n bá kun ilé ìwé, ìka á na ara rẹ̀ sí ọ̀dà. Láìsí ìka yìí, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé kànga ni kànga?

Fíísíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé girama kan ní Lazaret, àdúgbò kan ní Niamey. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa gbọ́ nípa ìdíje kan: kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ẹnì kan tó ní ìpèníjà ara ṣiṣẹ́ pọ̀, kí wọ́n ṣe ohun èlò tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ó ní kí n wá ẹni bẹ́ẹ̀ wá, bí ìgbà tó ní kí n lọ ra ṣọ́ọ̀kì.

Mo mọ ẹnì kan. Bàbá Ràímì, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ń ta aṣọ ní Yantala kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú apá ọ̀tún rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni fada àdúgbò wà nígbà náà. Fada ni àwọn ọkùnrin tó ń jókòó pọ̀ nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ń se tíì aláwọ̀ ewé lórí èédú, tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ẹni tó ń da tíì ló ni fada. Á gbé kẹ́tùlù sókè réré, tíì á máa já bọ́ sínú ife kékeré bí okùn, títí yóò fi yọ ìfófó. Tíì tí kò bá ní ìfófó, omi gbígbóná lásán ni; àlejò á mu ún, á sì lọ ròyìn rẹ̀ kiri. Bàbá Ràímì ni ọ̀gá wọn. Èmi tí ìyàwó mi wà ní Ìlọrin, tí mo ń dá gbé yàrá kan ní Koira Kano, ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ti ń gbọ́ Yorùbá tó dán.

Lẹ́yìn àìsàn náà, fada kó lọ sí òdìkejì títì. Kò sẹ́ni tó lé e. Wọ́n ní kó máa bọ̀, àwọn á máa gbé ife sí i lẹ́nu. Kò lọ. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Mo máa ń lọ jókòó tì í. Àwa méjèèjì ò ní mu nǹkan kan.

Ṣakírátù, akẹ́kọ̀ọ́ mi tí wọ́n bí ní Niamey, ló ṣáájú àwọn ọmọ náà. Wọ́n wọn apá Bàbá, wọ́n béèrè èyí tó lágbára. Tòsì ni. A kan igi kan tó gbé kẹ́tùlù dání: bí Bàbá bá fi ọwọ́ òsì tẹ ọ̀pá rẹ̀, kẹ́tùlù á gòkè, á sì dà. Mo ṣàlàyé òfin ọ̀pá, bí ó ṣe ń gbé ẹrù, fún Bàbá títí oorun fi ń kùn ún.

Nígbà tó tó àkókò láti dán an wò, ó ki ọwọ́ òsì bọ abẹ́ jalamíà rẹ̀.

"Ó dáa. Ọlọ́run á bù kún yín."

Kò fọwọ́ kàn án.

Èdè mẹ́ta, Yorùbá, Hausa àti Faransé, ló máa ń wà nínú gbólóhùn Ṣakírátù kan. Ó ní, "Dọn Ala, Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún wa. Kò bọ̀n ni? Kò dáa?"

"Ó bọ̀n, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba tíì lọ́wọ́ òsì mi? Ìwọ ni?"

Ṣakírátù rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́nì kan nínú wa tí ìyá rẹ̀ ò gbá lọ́wọ́ rí nítorí ó fi òsì na nǹkan sí àgbà. Ṣùgbọ́n a ti ka Bàbá Ràímì mọ́ àwọn tí à ń fún ní nǹkan. Kò wá sí wa lọ́kàn pé òun ló fẹ́ fúnni.

"Ọ̀tún yín ò lè gbé nǹkan rárá?" ni Ṣakírátù béèrè.

"Kò lè gbé e. Ó lè sinmi lé e."

"Ẹsẹ̀ òsì ńkọ́?"

"Ìyẹn ń bẹ. Ta ní ń wo ẹsẹ̀ lábẹ́ jalamíà?"

A lọ ra ibi tí télọ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lára maṣíìnì ìránṣọ àlòkù, a so ó mọ́ igi wa. Ẹsẹ̀ òsì á tẹ̀ ẹ́, kẹ́tùlù á gòkè, ọwọ́ ọ̀tún á gùn ún lọ sókè bí ẹni gun ràkúnmí. Ṣòkòtò mi ló gba tíì àkọ́kọ́.

"Tíṣà," ni Bàbá wí, "ṣòkòtò rẹ ti yọ ìfófó." Láti ìgbà tó ti ṣàìsàn, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn.

Fada padà sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo yà níbẹ̀. Ariwo Zarma àti Hausa gba gbogbo ibẹ̀ kan, kẹ́tùlù ń gòkè, ọwọ́ ọ̀tún Bàbá wà lórí rẹ̀. Mo wo bẹ́ǹṣì, kò sí àyè. Bàbá ò rí mi. Ohun tí mo ṣiṣẹ́ fún gan-an nìyí, mo sì mọ̀ ọ́n. Mo rìn lọ sílé.

Fọ́tò wa ṣì wà lára ògiri ọ́fíìsì ọ̀gá. Àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gbé nǹkan náà lọ fún Bàbá la yà á. Bàbá ò sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí pè é. Ọ̀gá na ìka sí kẹ́tùlù òfìfo, igbákejì rẹ̀ na tirẹ̀, Ṣakírátù nìkan ló káwọ́ sẹ́yìn. Ìka kan wá ti apá òsì wọ inú fọ́tò, ó gùn ju ti gbogbo wọn lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kẹ́tùlù.

Tèmi ni.