Bẹ́ǹṣì Tí Bartholomew Kàn fún Ìjọ

Bí ẹ bá bi Bartholomew gbẹ́nàgbẹ́nà pé ara ńkọ́, yóò ní, "À ń mánéèjì." Bí oúnjẹ bá kéré, ó ń mánéèjì. Bí ilẹ̀kùn tó kàn kò bá tì dáadáa, oníbàárà ni yóò mánéèjì. Àkóso iléeṣẹ́ ńlá ni Òyìnbó ń fi ọ̀rọ̀ náà pè. Ní Kétu l'Ékòó lọ́dún 2004, a ti fi ṣe oògùn, ó sì kù díẹ̀ ká fi ṣe ẹ̀sìn.

Lọ́dún náà ni ìjọ kan ní Ìkòsí ń wá ẹni tí yóò kan gbogbo bẹ́ǹṣì ilé ìjọsìn wọn tuntun. Wọ́n ní kí Bartholomew kọ́kọ́ kan ẹyọ kan wò. Ó mọ̀ pé bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ṣọ́ọ̀bù òun yóò di títì.

Mummy Keziah, olórí ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà. Bẹ́ǹṣì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọkọ̀ ojú omi.

"Ọ̀gá Bartholomew, kí lèyí?"

"Mummy, pákó yẹn ló tutù díẹ̀, ló ṣe ká kò. Tí èèyàn mẹ́ta bá jókòó, ó máa dúró."

"Tó bá jẹ́ méjì ló wá ńkọ́?"

"Wọ́n á mánéèjì ẹ̀, Ma."

Uncle Ọláńrewájú, ọmọ ìgbìmọ̀ tó bá a wá, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká kúkú kan ẹnì kẹta mọ́ ọn!"

Mummy Keziah kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé Ọlọ́run náà á mánéèjì ni? Ẹ kan òmíràn kó tó di Sọ́ńdè, àbí ká wá ẹlòmíì."



Bartholomew gba ìsọ̀ Shittu onípákó lọ, níbi tó ti ń ra pákó látọjọ́ pípẹ́. Shittu fa pákó tútù kan yọ. "Ọ̀gá mi, òjò ló ń rọ̀. Ẹ mánéèjì ẹ̀."

"Mi ò mánéèjì."

Ẹni tó ń mu gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé kò sí nǹkan o?"

"Kò sí. Pákó gbígbẹ ni mo fẹ́."

Shittu ká ọ̀rá kan kúrò lẹ́yìn ìsọ̀. Pákó gbígbẹ tò lọ rẹrẹ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà.

"Látìgbà wo lèyí ti wà níbí?"

"Ó pẹ́. Ẹ̀yin lẹ ò bèèrè rí."

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Mummy Keziah nìkan jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì tuntun tí Bartholomew fi pákó gbígbẹ kàn. Kò mì. Ó dìde, ó tún jókòó sí ìpẹ̀kun kejì.

"Ẹ máa kan ìyókù lọ."