Ọjọ́ Tí Aago Ṣọ́ọ̀ṣì Wa Padà Sẹ́yìn

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láéláé ni ọjọ́ Ìsinmi tí aago padà sẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Wuye. Dádì mi ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà tó ń fi aago han Pásítọ̀. Nítorí pé ìwàásù Pásítọ̀ máa ń gùn bí ọ̀nà Kàdúná, Dádì ti fi ìdajì wákàtí kún aago náà, wọ́n sì yọ kọ̀ǹpútà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kó má baà tún aago ṣe fúnra rẹ̀. Mọ́mì nìkan ló mọ̀.

Lọ́jọ́ yìí, Bùrọ̀dá Kúnlé, olórí akọrin, so kọ̀ǹpútà mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù wọn kí wọ́n lè wá orin kan. Pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní, "Ní ìparí," ebi sì ti ń pa gbogbo wa, ni kọ̀ǹpútà bá rí aago tòótọ́, ló bá fò padà sẹ́yìn!

"Halelúyà!" Pásítọ̀ pariwo. "Ọlọ́run tó dá òòrùn padà fún Hesekáyà tún ti ṣe é!" Wọ́n ṣí Bíbélì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwàásù mìíràn.

Mọ́mì yíjú sí Dádì. "Kai! Bàbá Tóyìn, ẹ wo ọgbọ́n àgbọ́njù yín!"

Nígbà tí ìwàásù náà parí, Pásítọ̀ ní kí Dádì wá jẹ́rìí sí iṣẹ́ ìyanu náà. Dádì jẹ́rìí, wọ́n ń làágùn. Ẹ̀rí yẹn nìkan ló kúrú lọ́jọ́ náà.