Ilẹ̀kùn Tí Ìyá Mi Fi Ṣe Tábìlì

Mo rántí ìgbà tí ìyá mi máa ń fi abẹ fẹ́lẹ́ gé ọrùn aṣọ. Sísọ́ọ̀sì ló fi ń gé ìyókù, ṣùgbọ́n ó ní ọrùn aṣọ kò fẹ́ ìwàǹwara, abẹ nìkan ló lè yí i po bó ṣe yẹ. Orí tábìlì ńlá kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Amúkókò ló ti ń ṣe é, tábìlì dúdú tó wúwo, tí abẹ ti fa ìlà sí káàkiri. Àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n ní tábìlì. Àwa ará ilé nìkan la mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni, àti pé ojú tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí ni a kọ sísàlẹ̀.

Sójà ni bàbá mi nígbà ogun abẹ́lé. Wọ́n gba ìlú kan ní ilẹ̀ Ìgbò, àwọn onílé ti sá wọ igbó, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń la ilẹ̀kùn ilé wọn fi dáná. Ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá mi. Nígbà tó rí ilẹ̀kùn yìí, ó ní òun ò lè jẹ ìrẹsì tí wọ́n fi irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ sè. Ó yọ ọ́, ó fi tapólì bò ó, ó gbé e wá sí Èkó. Ìyá mi kò jẹ́ kó gbé e kọ́, ó ní àlejò á máa béèrè, bó ṣe di tábìlì nìyẹn. "Mo gbà á lọ́wọ́ iná ni," ni bàbá mi máa ń wí. Ìyá mi á ní, "Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iná kọ́ ló ni ín." Bàbá mi á wá béèrè oúnjẹ rẹ̀.

Nígbà tí mo máa fi dàgbà, mo ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Àpápá, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn kó ẹrù lọ sókè òkun. Mo ń wọ bàtà gogoro, mo sì gbà pé ọgbọ́n ayé ti tán lọ́wọ́ mi. Oníbàárà wa kan ń ra ère àti ohun àtijọ́. Mo mú un wá sílé, ó wọ abẹ́ tábìlì tòun ti kóòtù, nígbà tó sì jáde, owó tó dárúkọ á kan òrùlé lé ilé bàbá mi tó ti dúró sí líńtẹ̀lì tipẹ́. Mo ṣàlàyé fún bàbá mi, bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, pé ẹni tó yọ nǹkan nínú iná ló ni ín. Ó gbà. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa wá gbé e.

Ní ọjọ́ Sátidé, obìnrin Ìgbò kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ládùúgbò wa wá wọn aṣọ. Yẹtí rẹ̀ já bọ́ sábẹ́ tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò sì dìde mọ́. A rò pé ẹ̀yìn ló mú un. Nígbà tó pẹ́, a gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀.

"Madam, na for our town dem dey carve am like dis. Ta ló ni ilẹ̀kùn yìí?"

Bàbá mi wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Sójà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un, bó bá sì ní òun rà á ni, ta ni yóò jiyàn? Mo ti la ẹnu láti bá a sọ ọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè sí mi.

"Èmi ni mo yọ ọ́ nígbà ogun," ó ní. "Mi ò mọ ẹni tó ni ín. Ẹnikẹ́ni ò fún mi."

Obìnrin náà dìde, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní àwọn ọmọ ìlú òun máa ń ṣe ìpàdé ní ọjọ́ Sọ́ńdè nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ajégúnlẹ̀. Ó ní, "Baba, e don tey. Ẹ gbé e wá."

Inú bí mi gan-an. Bàbá mi ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Mo ní mi ò tíì rí ibi tí orúkọ rere ti gba òjò dúró. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ yá ọmọlanke.

Bàbá mi wọ agbádá ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ọmọlanke náà dé Ajégúnlẹ̀, èmi àti ìyá mi ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ọkùnrin kan dìde lẹ́yìn.

"Di ones wey una burn nko? You go bring dem too?"

Bàbá mi dúró síbẹ̀, kò wo ilẹ̀, kò sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yin òun. Ẹ̀rù bà mí fún un, ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ni mo kọ́kọ́ rí i pé sójà ni lóòótọ́.

Ìyá àgbà kan wá tọ ilẹ̀kùn náà lọ. Ó fi ọwọ́ kan igun ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi igi mìíràn lẹ̀ ẹ́. Àwa ti rò pé ikán ló jẹ ẹ́. Obìnrin ẹlẹ́ja túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa: ìyá àgbà náà ló fi àdá ṣá a nígbà tó wà lọ́mọdé, bàbá rẹ̀ sì nà án títí aládùúgbò fi wá gbà á sílẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí i padà, ó rí ìlà abẹ. Ojú ti ìyá mi, ó ní òun á pe káfíńtà kó bá wọn fá a.

Ìyá àgbà náà mi orí, ó fi pijin dá a lóhùn fúnra rẹ̀. "Leave am," ó ní. "Na person wey dey work inside house do am."

Nígbà tó yá, àwa ọmọ la dáwó kan òrùlé náà. Bàbá mi sùn lábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó lọ. Lónìí, tí mo bá gbọ́ lórí rédíò tí àwọn òyìnbó ń ṣàlàyé pé àwọn làwọn tọ́jú ohun tí baba ńlá wọn kó lọ, mo máa ń dá rédíò lóhùn: iná kọ́ ló ni ín.

Mo ti lọ sí ìlú náà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn wọn kọ́ padà, ọnà rẹ̀ kọjú sí ìta. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ọmọ-ọmọ ìyá àgbà tì í, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọjú sí àwa tí a wà nínú ilé. Mo wá ìlà abẹ kan títí mo fi rí i. Ọrùn aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ mi ni, bí ìyá mi ṣe gé e gẹ́lẹ́.