Ilé Tí A Kò Ti Gbọdọ̀ Pa Iná

Mo rántí ìgbà tí súwíìṣì kan ń kùn bí ẹ̀fọn nínú pálọ̀ wa ní Bolingbrook, ní Amẹ́ríkà. Dímà ni wọ́n ń pè é, òun la fi ń dín iná kù tàbí mú un pọ̀ sí i. Ọkọ mi ló ní kí wọ́n to àwọn gílóòbù halójìn kéékèèké sí àjà pálọ̀ náà lọ́dún tí a ra ilé. Ó fẹ́ràn wọn débi pé àlejò kò ní tíì jókòó dáadáa tí òun yóò ti máa yí dímà sókè sódò, táá ní kí wọ́n wo bí ilé ṣe ń yí àwọ̀ padà. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà.

Nígbà tí àìsàn dé, tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, abẹ́ àwọn gílóòbù yẹn la gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí. Àwọn dókítà ti sọ fún wa pé kò sí ìtọ́jú tó kù, ká kàn jẹ́ kí ara tù ú. Iná tó bá mọ́lẹ̀ jù máa ń gún un lójú, bẹ́ẹ̀ ni òkùnkùn ń bà á lẹ́rù. Kò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n bí iná bá ti lọ, ọwọ́ mi ló máa ń wá kiri. Iná tó rọra ń tàn nìkan ni ara rẹ̀ gbà, ìgbà yẹn gan-an sì ni dímà yàn láti bàjẹ́. Bí mo bá yí i wálẹ̀, á máa kùn, gílóòbù á máa ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ á sì kọṣẹ́. Mo ra òmíràn, ìyẹn náà gbóná, ó kọṣẹ́. Èmi nọ́ọ̀sì wá di ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ súwíìṣì lórí fóònù bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò. Mo mọ̀ pé n kò lè wo ọkọ mi sàn. Súwíìṣì ni mo rò pé agbára mi ká.

Ìyá ọkọ mi ti wá láti Ọ̀ṣogbo láti wà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ tó dé ló ti fòfin de ọ̀rọ̀ kan: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní kí wọ́n pa iná, a kò sì gbọdọ̀ sọ pé iná kú.

"Aláìsàn wà nílẹ̀," ó wí. "Ẹ máa ní kí wọ́n dín in kù."

Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ọmọ mi obìnrin ṣe ń dín gbogbo iná ilé kù, títí kan ti kíṣìnnì tí kò ní dímà rárá.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ iná wá láti Lansing. Ó gun àkàbà, ó yọ gílóòbù kan, ó yọjú wo inú àjà.

"Aunty, halogen yín yìí ní transformer kékeré nínú àjà. Dimmer tẹ́ ẹ rà ò match ẹ̀, it will just keep burning out. Mo ní èyí tó bá a mu nínú van. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa iná níbi breaker tó wà ní basement."

Ìyá ọkọ mi dìde lórí àga. "A kì í sọ ìyẹn níbí."

Ọkùnrin náà wo bẹ́ẹ̀dì, ó tẹrí ba. "Ẹ má bínú, Mà. Ẹ jẹ́ ká dá a dúró díẹ̀."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀ jàre."

N kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Dímà tuntun náà kò kùn. Iná náà rọ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ọkọ mi la ojú, ó ní, "Ó dáa báyìí." Inú mi dùn bí ẹni pé wọ́n sọ fún mi pé àìsàn náà ti lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín ń bọ́ lójú fèrèsé ló lọ. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Èmi dúró, mò ń sunkún, n kò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe. Ó pẹ́ kí ìyá tó gbójú sókè wo àwọn gílóòbù tó ṣì ń rọra tàn lójúmọmọ.

"Ìyàwó mi," ó wí, "pa iná."

Ìyá ti padà sílé báyìí, dímà náà kò sì tíì bàjẹ́. Kò sí aláìsàn nínú ilé mọ́, kò sì sẹ́ni tó lè bá mi wí nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Síbẹ̀, bí ọmọ mi obìnrin bá ti ń jáde nínú kíṣìnnì, mo máa ń ní kó dín iná kù.

"Mummy, kitchen light ò ní dimmer."

Mo máa ń sọ fún un pé mo mọ̀.